Ohùn Gìtá Kò Parí Sọ́wọ́ Ẹni Tó Ṣe Pẹ́dàlì

Èrò kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn tí ń ta gìtá lóde òní, ì báà ṣe èyí tí ń tà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ì báà ṣe èyí tí ń tà á lóde àríyá títí ilẹ̀ fi ń mọ́, pé pẹ́dàlì, àpótí irin kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, ti parí láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é ní Jàpáànù tàbí ní Amẹ́ríkà. Pé ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn kò ní ohun mìíràn í ṣe ju pé kí ó tún owó kó jọ, kí ó sì lọ ra èyí tí ó wọ́n jù ú lọ. Àti pé ẹni tí ó bá fi sukurudíráfà tú ìdí rẹ̀ láti pààrọ̀ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀, ọ̀bàyéjẹ́ ni. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ olórin ń sọ ọ́, àwọn òbí tí owó ti àpò wọn jáde ń sọ ọ́, àwọn tí ń ta pẹ́dàlì lọ́jà sì ń fi ìbúra tì í lẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn wà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn gbà. Mo dúró lé e lórí pé ẹni tí ó bá kọ́ bí a ti ń tún inú pẹ́dàlì ṣe nínú ilé ara rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù àti pẹ̀lú ìlànà, yóò ní etí tí owó kò lè rà fún un, àti pé àwọn tí ń lé e sẹ́yìn ń dí i lọ́nà ẹ̀kọ́ tí ì bá jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó ń gbọ́.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn; nítorí náà, kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ibi tí ohùn híhá yìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní dístọ́ṣọ̀n, ti wá sáyé. Inú ohun tí ó bàjẹ́ ni ó ti wá. Nígbà tí Link Wray ń wá ohùn tí yóò rorò tó fún orin rẹ̀ "Rumble", tí ó jáde ní 1958, ńṣe ni ó fi pẹ́ńsùlù dá sípíkà ẹ̀rọ agbóhùnsókè rẹ̀ lu. Ní Nashville ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń gba ohùn orin Marty Robbins tí à ń pè ní "Don't Worry" sílẹ̀, orin tí ó jáde ní 1961, tiransifọ́mà kan bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn, ohùn gìtá báàsì tí Grady Martin ń ta sì yípadà lójijì, ó ń kùn, ó ń há. Wọn kò ju ohùn náà nù. Inú orin ni wọ́n fi í sí. Glenn Snoddy, ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀, sì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú Revis Hobbs, wọ́n fi tiransísítọ̀ ṣe àpótí tí yóò lè mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde nígbàkígbà tí ènìyàn bá fẹ́, ilé-iṣẹ́ Gibson gbà á, wọ́n sì gbé e jáde ní 1962 lórúkọ Maestro Fuzz-Tone. Ọdún 1965 ni gbogbo ayé tó wá gbọ́ ọ yékéyéké, nígbà tí Keith Richards lò ó nínú orin "Satisfaction" ti ẹgbẹ́ Rolling Stones. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi abẹ ya sípíkà tirẹ̀, kí "You Really Got Me" ti 1964 lè dún bí ó ti dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí ọmọ má ṣe fọwọ́ kan ohun tí a ti ṣe parí, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ṣe ohùn náà parí? Àwọn tí wọ́n dá nǹkan lu, tí wọ́n ya nǹkan, tí wọ́n sì rí ọ̀ṣọ́ nínú ohun tó bàjẹ́, àwọn ni baba ńlá rẹ̀.

Lẹ́yìn wọn pàápàá, ọwọ́ àwọn tí ń tú nǹkan wò kò kúrò nínú iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Roger Mayer, ìwádìí nípa ohùn àti ìgbọ̀nrìrì fún àwọn ológun ojú omi sì ni iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ nígbà kan. Òun ni ó ṣe pẹ́dàlì Octavia fún Jimi Hendrix, ọba onígìtá, a-fọwọ́-òsì-ta-gìtá-ọlọ́wọ́-ọ̀tún, tí a sì gbọ́ ohùn pẹ́dàlì náà nínú "Purple Haze" ní 1967. Òun kan náà ni ó ń tú pẹ́dàlì Fuzz Face ti Hendrix wò, tí ó ń ṣa tiransísítọ̀ inú rẹ̀ lẹ́ṣà, nítorí tiransísítọ̀ germanium ayé ìgbà náà kò dọ́gba, méjì tí ó jáde lọ́jọ́ kan náà lè yàtọ̀ síra pátápátá, ooru lásán a sì máa yí ohùn rẹ̀ padà. Brian May ti ẹgbẹ́ Queen àti baba rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn ṣe gìtá nílé, láti 1963, pẹ̀lú igi tí ó ti wà létí àdògán àtijọ́ kan. John Deacon tí ń ta báàsì fún ẹgbẹ́ náà sì rí pánẹ́ẹ̀lì kan, pátákó tí a to ohun èlò iná sí, ṣà nínú pàǹtírí tí wọ́n dà sílẹ̀ ní London, ó fi ṣe ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kan, ohùn rẹ̀ sì wà nínú àwo orin wọn títí di òní. Ohun tí ẹlòmíràn dànù ni Deacon ṣà, kò ní kí ẹnikẹ́ni fún òun láṣẹ.

Bí ẹnì kan bá sì ní àṣà àjèjì ni èyí, kí ó rántí Àyìndé Bákàrè, tí ó so máíkì mọ́ gìtá nínú orin jùjú ní 1949. Bí ó bá ní kí òun dúró de ẹlẹ́rọ òyìnbó, ibi tí jùjú wà nígbà náà ni ì bá wà. Kí ó sì tún bojú wẹ̀yìn sí ilé onílù, nítorí ọmọ Àyàn Àgalú kì í gba ìlù lọ́wọ́ agbẹ́gi kí ó gbé e tààrà lọ síbi ìnáwó: oníbàtá a mú ìda, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìyáàlù, a lù ú wò, a bu díẹ̀ kúrò, a tún lù ú wò, títí ohùn yóò fi sọ̀kalẹ̀ síbi tí ó fẹ́. Àṣà náà bá àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú rékọjá òkun, àwọn oníbàtá ilẹ̀ Cuba sì ń lo ìda títí di òní olónìí. Kàpásítọ̀, ohun èlò kékeré tí ọmọ ń pààrọ̀ nínú pẹ́dàlì, ìda ni. Ta ni ó pe oníbàtá ní ọ̀bàyéjẹ́ rí?

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àfẹnusọ lásán, ẹ jẹ́ kí a mú pẹ́dàlì kan kí a wo inú rẹ̀ fínnífínní. Mo mú Tube Screamer, àpótí aláwọ̀ ewé tí ilé-iṣẹ́ Ibanez ń tà, tí Susumu Tamura ṣe ètò rẹ̀ ní Jàpáànù ní ìparí àwọn ọdún 1970. Nínú rẹ̀, IC kan wà tí ń gbé ohùn ga. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni rẹsísítọ̀ kan wà tí ó jẹ́ 4,700 ohm, kàpásítọ̀ 0.047 microfarad sì tẹ̀lé e. Àwọn méjì wọ̀nyí, tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má kà sí, ni wọ́n ń pinnu pé ohùn tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ bá ti dín sí nǹkan bíi ìgbà 720 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, IC náà kò ní gbé e ga tó èyí tí ó wà lókè rẹ̀. Okùn gìtá tí ó nípọn jù lọ a sì máa gbọ̀n ní nǹkan bíi ìgbà 82 péré ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, nítorí bí ohùn ìsàlẹ̀ bá há jù, ńṣe ni yóò dàrú mọ́ni létí. Nínú ẹgbẹ́ tí báàsì àti ìlù ti kún ìsàlẹ̀ bámúbámú, ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é kò mọ ọmọ tí ń dá gìtá ta ní ìpàdé àdúrà ọjọ́ Wẹ́sìdeè, tí kò ní báàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó jẹ́ pé gìtá ẹyọ kan yẹn ni yóò gbé gbogbo orin ró. Létí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohùn náà yóò tín-ín-rín. Kí ó yọ kàpásítọ̀ 0.047 kúrò, kí ó fi 0.1 rọ́pò rẹ̀, ààlà tí mo wí yìí yóò sọ̀kalẹ̀ láti 720 sí nǹkan bíi 340, ohùn náà yóò sì sanra. Owó kàpásítọ̀ náà kò tó owó ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan.

Nítòsí ibẹ̀ náà ni dáyóòdù méjì wà, tí ọ̀kan kọjú sí iwájú tí èkejì kọjú sí ẹ̀yìn; àwọn ni ń gé orí ohùn ní kété tí ó bá ti fẹ́ ga kọjá nǹkan bíi 0.6 fólítì, gígé náà ni etí wa sì ń gbọ́ bí ohùn tó há. Nínú pẹ́dàlì SD-1 tí ilé-iṣẹ́ Boss gbé jáde ní 1981, mẹ́ta ni dáyóòdù náà, méjì ní apá kan, ẹyọ kan ní apá kejì, nítorí náà ni gígé òkè kò fi dọ́gba pẹ̀lú gígé ìsàlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì fi ní adùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí a bá fi LED pupa, iná wínníwínní tí kò wọ́n rárá, rọ́pò dáyóòdù, ohùn yóò ga tó nǹkan bíi 1.7 fólítì kí gígé tó bẹ̀rẹ̀, yóò dún sókè sí i, yóò sì tú sílẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá tún gbọ́ gìtá nínú àwo orin, kì í ṣe "ó dùn" tàbí "kò dùn" nìkan ni yóò rí wí mọ́. Yóò mọ ibi tí wọ́n ti gé ohùn, yóò sì mọ ibi tí wọ́n ti dín ìsàlẹ̀ kù. Ẹ̀kọ́ etí tí mo ń wí nìyí, kò sì sí nínú páálí tí wọ́n fi di pẹ́dàlì tuntun wá.

Ohun tí ó tún yẹ kí ó dójú ti àwọn alátakò wa ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ń ṣe ohun tí àwọn alátakò náà ní kí ọmọ má ṣe. TS808, Tube Screamer àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi owó gọbọi wá kiri, àti TS9 tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1982, rẹsísítọ̀ méjì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ohùn ni pàtàkì ìyàtọ̀ wọn: 100 àti 10,000 ohm nínú èyí àkọ́kọ́, 470 àti 100,000 nínú èyí kejì. Ilé-iṣẹ́ ProCo, tí ó ń ṣe pẹ́dàlì RAT, fi LED rọ́pò dáyóòdù inú rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Turbo RAT, ó sì tà á bí ọjà mìíràn. Robert Keeley ní Oklahoma di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nípa títún pẹ́dàlì Boss àti Ibanez ṣe fún àwọn tí wọ́n ni ín, lónìí ilé-iṣẹ́ pẹ́dàlì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Boss pàápàá, láti 2014, ti ń ta àwọn pẹ́dàlì tí wọ́n pè ní Waza Craft, nínú èyí tí SD-1 ti ní súwíìṣì tí ń mú ohùn kejì jáde. Iṣẹ́ tí ọmọ ṣe nínú yàrá rẹ̀ tí ẹ pè ní ìbàjẹ́, òun náà ni ilé-iṣẹ́ ṣe tí ẹ pè ní ẹ̀yà tuntun, tí ẹ sì tò lórí ìlà láti sanwó fún.

Kí àwọn tí wọ́n gbàgbọ́ pé inú owó ni ohùn wà wá gbọ́ ti pẹ́dàlì Klon Centaur. Bill Finnegan bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1994, ó sì da oje líle dúdú bo pánẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà lè rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Àtijọ́ rẹ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là rà. Nígbà tí ó yá, àwọn onísùúrù ha oje náà kúrò, wọ́n ya àwòrán ọ̀nà iná rẹ̀, ohun tí wọ́n sì bá níbẹ̀ ni rẹsísítọ̀, kàpásítọ̀, dáyóòdù àti IC, ẹbí kan náà tí ń bẹ nínú àwọn pẹ́dàlì yòókù. Èmi kò fi èyí bu Finnegan kù. Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n inú bí ó ti tò wọ́n ni ọgbọ́n náà wà, ọgbọ́n sì ni ohun tí à ń kọ́, owó gegere kò lè rọ́pò rẹ̀.

Àwọn alátakò wa yóò ní ewu wà níbẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí òtítọ́ náà mọ. Iná 9 fólítì péré ni ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ń jẹ, kò sì lágbára láti pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè onígílóòbù ni ó léwu, nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólítì lè wà nínú kàpásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ọmọ má sì ṣe sún mọ́ inú rẹ̀ rárá láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó ohun èlò mọ́ pánẹ́ẹ̀lì a máa ní òjé nínú, ìdí sì nìyẹn tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù fi dín lílò rẹ̀ kù láti 2006. Nítorí náà, kí a ṣí fèrèsé, kí a fọ ọwọ́ kí a tó jẹun, kí a sì gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọdé lè tó. Ju èyí lọ, kí ni ó kù? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́; a kò tìtorí pé àdògán ń jóni kí a má dáná mọ́.

Wọ́n á tún ní ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga nípa iná kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ni Craig Anderton ti tẹ ìwé jáde láti 1975, Electronic Projects for Musicians, tí ó kọ fún àwọn olórin, kì í ṣe fún ẹlẹ́rọ, tí ó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú àwọn ohun èlò wọ̀nyí. Kí a tó rìn jìnnà pàápàá, ta ni ó tún rédíò àwọn baba wa ṣe? Ẹni tí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn létí títì ni, tí ó fi ọdún mélòó kan kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò ju òmìnira tí ọ̀gá ṣe fún un lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi ẹnu kọ̀ fún ọmọ lónìí, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó tún ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wọn ṣe.

Ní ti pé ọmọ lè bà á jẹ́, n kò ní jiyàn: ẹni tí kò bá ní ìlànà yóò bà á jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí àyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì bá pẹ́ jù lójú kan, bébà bàbà tí ó wà lára pánẹ́ẹ̀lì yóò ṣí kúrò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan yóò sì di iṣẹ́ odindi ọ̀sán. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́dàlì olówó pọ́ọ́kú, kì í ṣe pẹ̀lú èyí tí ó jẹ́ ogún baba ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe pẹ̀lú èyí tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ tí ohun èlò rẹ̀ kéré bí iyanrìn. Kí ó ya fọ́tò inú rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kí ó kíyè sí apá tí kàpásítọ̀ tó rí bí agolo kékeré kọjú sí, nítorí bí ó bá yí i padà, yóò bàjẹ́. Kí ó jó sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ ibi tí kàpásítọ̀ wà, kí ó lè máa fi ọwọ́ lásán ti èyí bọ̀ ọ́, kí ó yọ ọ́, kí ó ti òmíràn bọ̀ ọ́, láìtún gbé iná sún mọ́ pánẹ́ẹ̀lì mọ́. Kí ó tọ́jú gbogbo ohun tí ó yọ sínú àpò ìwé, kí ó kọ nọ́ńbà wọn sí i, kí ohun gbogbo lè padà sí bí ó ti wà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tí ó yí mẹ́ta padà pọ̀ kò mọ èwo nínú wọn ni ó sọ̀rọ̀.

N kò sì ní gbè sẹ́yìn àwọn tí wọ́n wà lápá tiwa tí wọ́n sọ iṣẹ́ yìí di oògùn. Àwọn kan ń wá IC àtijọ́ kan tí à ń pè ní JRC4558 kiri bí ẹni ń wá ìjìnlẹ̀ awo, wọ́n ń ra ẹyọ kan ní ìlọ́po owó tuntun rẹ̀, wọ́n sì ń búra pé ohùn òrun wà nínú rẹ̀; bí ẹ bá fi ọwọ́ bo ojú wọn tí ẹ sì ta gìtá fún wọn, wọn kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ tuntun. Àwọn mìíràn yí dáyóòdù padà, ohùn dún sókè sí i, wọ́n sì ní ó dára sí i, nígbà tí ó jẹ́ pé etí ọmọ ènìyàn a máa gbà láìjiyàn pé èyí tó pariwo jù ni ó dára jù. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le: kí a yí bọ́tìnnì ohùn sílẹ̀ títí méjèèjì yóò fi dọ́gba, kí a tó dájọ́, kí a sì dájọ́ náà nígbà tí ìlù àti báàsì ń dún, kì í ṣe nínú yàrá nìkan. Ìṣìnà àwọn wọ̀nyí àti ìṣìnà àwọn tó ní kí ọmọ má fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. Àwọn méjèèjì ló gbà pé agbára kan wà nínú ohun èlò tí ìmọ̀ kò lè dé.

Èrè kan tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú adùn. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀bi ádápítọ̀ ni ó ń pa pẹ́dàlì, nítorí ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì fẹ́ kí àárín ẹnu ádápítọ̀ jẹ́ òdì, èyí tí wọ́n bá yá lọ́wọ́ onídùùrù sì lè jẹ́ ìdàkejì. Dáyóòdù ẹyọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà iná ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì tí a fi síbẹ̀ kí ó lè fi ara rẹ̀ jìn nígbà tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ti kú, pẹ́dàlì náà yóò dákẹ́ rọ́rọ́, wọn yóò sì gbé e jù sí kọ́ńbọ́ọ̀dù pé ó ti jóná. Ọmọ tí ó mọ mítà tí a fi ń wọn iná í lò yóò fi dáyóòdù tuntun rọ́pò rẹ̀, pẹ́dàlì yóò jí, owó tí ẹgbẹ́ akọrin ì bá dá jọ yóò sì wà fún nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ olórin, nígbà tí ọmọ yín bá tún wá béèrè owó pẹ́dàlì kejì lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè ohun tí kò tó nínú ohùn ti àkọ́kọ́: ṣé ìsàlẹ̀ ni ó tín-ín-rín ni, àbí ohùn ń há kí ó tó yẹ kí ó há? Bí kò bá lè sọ ọ́, pẹ́dàlì kejì kò ní yanjú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀kẹta kò sì ní yanjú rẹ̀. Bí ó bá sì lè sọ ọ́, ẹ fún un ní owó àyọ́ọ̀nù, mítà àti kàpásítọ̀ mélòó kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tú ìdí èyí tí ó ní.